Gbígbé Ara Ọkọ̀ Sókè Nítorí Ọ̀nà Oko: Ewu Tó Fara Sin Lábẹ́ Rẹ̀

Ìgbà òjò ni ọ̀nà oko máa ń dán ọkọ̀ wò. Ní Erúnmu àti àyíká rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, àti ní àwọn abúlé Lágelú, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, ohun ọ̀gbìn kì í dúró de ọ̀nà. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti tó wà, tí àgbàdo bá sì ti gbó, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé lọ gbé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàhálà ọdún kan lè jẹrà mọ́ olóko lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olówó ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké fi ń wá ọgbọ́n tí ọkọ̀ wọn yóò fi la ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n náà ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí jórinjórin, kí ó gbé ara rẹ̀ sókè kúrò lórí irin tó jókòó lé, kí ó sì ki igi, páìpù tàbí rọ́bà bọ àárín.

A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ẹni tó ń ná owó sórí ọkọ̀ kí ẹrù rẹ̀ lè dé ọjà kì í ṣe ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa wò láti òkèèrè ni pé àtúnṣe yìí kì í sábà ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe é, ó sì máa ń fọwọ́ kan ibi méjì tí ẹ̀mí wa rọ̀ mọ́ jù lọ nínú ọkọ̀: ìtọ́kọ̀ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sitiárìn, àti bíréèkì.

Bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe jókòó

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù kò rí bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Apá méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ṣáàsí, ìyẹn irin gbọọrọ méjì tó gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òun ni ìpìlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì, jíà, sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà lára rẹ̀. Apá kejì ni ara ọkọ̀: ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí àti ibi tí ẹrù ń wà. A gbé èyí lé orí ṣáàsí, a fi bóòtù dè é, a sì fi tìmùtìmù rọ́bà sí àárín kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n. Bí ilé tó jókòó lórí òpó ni ó rí, bóòtù wọ̀nyí ló sì di ilé náà mú kí ó má bàa yọ́ kúrò lórí òpó.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà gbé ọkọ̀ sókè. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n fi kún sípíríǹgì, tàbí kí wọ́n fi irin sábẹ́ rẹ̀, kí ṣáàsí fúnra rẹ̀ lè ga. Ọ̀nà kejì, tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé, ni kí wọ́n tú bóòtù tó di ara ọkọ̀ mọ́ ṣáàsí, kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí wọ́n ki nǹkan bọ àárín, kí wọ́n sì fi bóòtù tó gùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ dè é padà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ yìí ti wọ́pọ̀, bí Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ wà tó ń ṣe ohun èlò rẹ̀ tà fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gíga tí wọ́n sábà máa ń fi kún ọkọ̀ kì í ju íǹṣì kan sí mẹ́ta lọ, wọ́n sì máa ń fi ohun tí yóò mú ìtọ́kọ̀, jíà àti páìpù gùn tó kún un. Ti ojú ọ̀nà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tí a gé ní ìbú kan náà, páìpù irin tí a fi ayùn gé, rọ́bà táyà àlòkù tí a tò léra wọn, tàbí pẹlẹbẹ irin tí a jó pọ̀ ni a sábà máa ń lò. Kò sí ẹni tó wọn agbára wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọn yóò já.

Ṣé ọkọ̀ náà tilẹ̀ ga sí ẹrọ̀fọ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí olówó ọkọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kí ó tó sanwó. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù bá há sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà oko, kí ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀? Kì í ṣe ibi tí awakọ̀ jókòó sí, kì í sì ṣe ibi ẹrù. Irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ni, àti ibi roboto tó wà láàárín rẹ̀ níbi tí jíà ẹ̀yìn wà. Ibẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni gegele àárín ọ̀nà máa ń gbé dúró bí ipa táyà bá ti jìn jù.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Bí a bá ki igi íǹṣì mẹ́rin sí àárín ara ọkọ̀ àti ṣáàsí, ibi roboto yẹn kò kúrò níbi tó wà rárá. Ẹ́ńjìnnì kò ga sí i, ṣáàsí kò ga sí i, irin tó so táyà pọ̀ kò sì ga sí i. Ibi tí ọkọ̀ ti ń há tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ti há. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé irin yẹn sókè ni táyà tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀. Àyè tí táyà ńlá yóò fi yí láìha ara ọkọ̀ sì ni gbígbé ara ọkọ̀ sókè ń wá. Nítorí náà, ẹni tó gbé ara ọkọ̀ rẹ̀ sókè tí kò pààrọ̀ táyà kàn ra gíga ojú lásán ni. Ẹni tó sì pààrọ̀ táyà náà ní ẹrù mìíràn lọ́rùn. Táyà ńlá wúwo láti dá dúró, nítorí náà bíréèkì tí a ṣe fún táyà kékeré yóò máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Aago ìsáré pẹ̀lú yóò máa parọ́ fún awakọ̀: bí táyà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ, aago lè máa ka 80 nígbà tí ọkọ̀ ń sá 88.

Ohun tó ń fà, ohun tó ń já

Nígbà tí ara ọkọ̀ bá kúrò lórí ṣáàsí ní íǹṣì mélòó kan, gbogbo ohun tó so apá méjèèjì pọ̀ ni ó fà tàbí tí ó yẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ọ̀pá ìtọ́kọ̀. Ara ọkọ̀ ni sitiárìn tí awakọ̀ dì mú wà, ara ṣáàsí sì ni ohun tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú wà. Ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. A máa ń ṣe ọ̀pá náà kí ó lè wọnú ara rẹ̀ díẹ̀, kí ó sì lè yọ díẹ̀. Bí a bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tí irin méjèèjì ti wọnú ara wọn yóò kéré. Ó lè máa ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan láìsí ìfura. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi agbára bọ́ sínú kòtò, tí ṣáàsí lọ́ síhìn-ín tí ara ọkọ̀ lọ́ sọ́hùn-ún, irin náà lè yọ. Awakọ̀ yóò máa yí sitiárìn, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ràn.

Bíréèkì ló tẹ̀ lé e. Omi bíréèkì máa ń ti ara ọkọ̀, níwájú ẹsẹ̀ awakọ̀, gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ara ṣáàsí. Páìpù tí a fà le gbandi kò ní ibi tí yóò tẹ̀ sí mọ́, ìmìtìtì ọ̀nà oko yóò sì máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi máa jò. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ páìpù tó ń gbé epo láti ẹnu ibi tí a ti ń rọ epo lọ sínú táńkì. Bí ó bá yọ́ tàbí tó sán, epo yóò máa kán sí abẹ́ ọkọ̀ tó ti gbóná.

Àwọn mìíràn tún wà. Ara ọkọ̀ ni rédíétọ̀ wà, ara ẹ́ńjìnnì sì ni fáànù wà. Bí ara bá ga tí ẹ́ńjìnnì kò ga, fáànù lè máa ha ìdérí rẹ̀, atẹ́gùn kò sì ní gba inú rédíétọ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbóná jù. Ọ̀pá jíà lè máa kan etí ihò rẹ̀ kí jíà má wọlé tán. Wáyà tó so ara ọkọ̀ mọ́ ṣáàsí fún iná mànàmáná lè já, kí iná iwájú sì kú lójijì lóru.

Nípa igi àti páìpù fúnra wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòro. Igi tó ń mu omi òjò tó tún ń gbẹ nínú oòrùn yóò sán. Bí ó bá ti sán, bóòtù rẹ̀ ti dẹ̀ nìyẹn. Páìpù tí ẹrù ń tẹ̀ lójoojúmọ́ lè wó sínú ara rẹ̀. Bóòtù gígùn sì rọrùn láti tẹ̀ ju bóòtù kúkúrú lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá gígùn ṣe rọrùn láti ṣẹ́ ju kùkùté lọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ lu nǹkan, ṣáàsí lè dúró kí ara ọkọ̀ má dúró, tòun ti àwọn tó jókòó sínú rẹ̀.

Ìṣirò ìdojúdé

Ọkọ̀ tó ga rọrùn láti dojú dé. Gbogbo wa la mọ èyí, ṣùgbọ́n ìṣirò kékeré kan wà tó lè jẹ́ kí a mọ bó ṣe rọrùn tó. Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ń lò ó láti fi díwọ̀n ọkọ̀. Wọn yóò mú ìdajì àyè tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti táyà òsì, wọn yóò sì fi gíga ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí pín in. Bí ìdáhùn bá ṣe kéré tó ni ọkọ̀ ṣe rọrùn tó láti dojú dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan fún àpẹẹrẹ, tí àyè táyà rẹ̀ jẹ́ 150 sẹ̀ǹtímítà, tí ìwúwo rẹ̀ sì kó jọ sí 65 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Ìdajì 150 jẹ́ 75, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1.15. Bí àtúnṣe àti táyà ńlá bá gbé ìwúwo náà lọ sí 75 sẹ̀ǹtímítà, ìdáhùn yóò di 1.0. Bí a bá wá di ẹ̀gẹ́ lé e títí ó fi ga ju orí awakọ̀ lọ, tí ìwúwo gbogbo rẹ̀ sì kó jọ sí 85 sẹ̀ǹtímítà, ìdáhùn yóò já sí nǹkan bí 0.88. Ìyípo tí ọkọ̀ náà ń gbà láìsí wàhálà tẹ́lẹ̀ lè wá di ibi ìjàǹbá, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kò yí ìwà padà.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn tó ń jókòó sórí ẹrù. Ní àgbègbè oko, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gẹ́ náà ló sábà máa ń gbé àwọn tó wà á, àwọn ìyá tó fẹ́ tà á àti àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn. Wọn kò ní bẹ́líìtì, wọn kò sì ní ibi tí wọ́n lè dì mú. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀, ẹrù yóò sì tẹ̀ lé wọn.

Ewu náà tún kan ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀. Iná iwájú tó ti ga yóò máa wọ ojú ẹni tó ń bọ̀ lórí ọ̀kadà. Awakọ̀ tó jókòó sí òkè kò ní tètè rí ọmọ kékeré tó kọjá níwájú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ kékeré bá sì kọ lu ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ibi tí ó yẹ kí irin kan irin ti ga jù.

Ọwọ́ wa kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń fi ọwọ́ ara wa kan ara ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tí àwọn bàbá wa wọ̀ jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀: ẹ́ńjìnnì àti ṣáàsí ni a ń kó wọlé láti òkè òkun, àwọn káfíńtà wa ló sì ń fi pákó kan ara rẹ̀. Òun ló kó kòkó, èpo pupa àti èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Káfíńtà ìgbà náà kan ara ọkọ̀ tuntun lé orí ṣáàsí tí a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò fa ọ̀pá ìtọ́kọ̀, kò sì fa páìpù bíréèkì kúrò ní àyè wọn. Síbẹ̀, ẹ̀mí tó lọ sínú ìjàǹbá ọkọ̀ nígbà náà kò kéré.

Ìpínlẹ̀ wa ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Òpópónà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tó gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá, wà lára àwọn ọ̀nà tí ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn arìnrìnàjò lórí wọn mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gbé ọ̀rọ̀ náà sókè. Ní ọdún 1977, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ FRSC sílẹ̀, Ṣóyínká kan náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò yẹ kí ilẹ̀ tí ìmọ̀ yìí ti hù jáde jẹ́ ibi tí a ti ń fojú fo ewu lórí ọkọ̀ oko.

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé iwájú ọkọ̀ akẹ́rù wọn sókè kí ẹ̀yìn lè lọ sílẹ̀, fún ẹwà lásán. Ní ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé iwájú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi íǹṣì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ẹ̀yìn lọ. Virginia ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2022. Ní tiwa, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ fún ojú ọ̀nà, tí àwọn òṣìṣẹ́ VIO ń fúnni, kì í ṣe ìwé lásán. Ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ tàbí bíréèkì rẹ̀ kò pé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìrìnnà, àwọn ẹ̀ṣọ́ FRSC sì lè dá a dúró.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Sí ẹni tó ń gbèrò àtúnṣe yìí: ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń mú ọkọ̀ yín há. Bí ó bá jẹ́ ẹrù ni, ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ lọ ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ pé táyà ti dán, ẹ ra táyà tí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ sí. Bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀, ẹ wá irú rẹ̀ gan-an ní ọjà páàtì Àràrọ̀mí ní Agodi Gate tàbí níbòmíràn. Bí ọ̀nà bá burú ju ohun tí píkọ́ọ̀pù lè gbà lọ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sí ibi tí ilẹ̀ ti le, kí katakata tàbí ọ̀kadà kó ẹrù wá bá a. Owó rẹ̀ dùn ní sísan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Sí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀: kí ó tó tún gbé ẹrù, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, tí kì í ṣe ẹni tó ṣe àtúnṣe náà. Kí ẹnìkan máa yí sitiárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹnìkejì máa wo ibi tí ọ̀pá náà ti so pọ̀. Kí wọ́n wo gbogbo páìpù bíréèkì bóyá ó fà le. Kí wọ́n wo bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbóòórùn bóyá epo ń jò. Bí igi tàbí páìpù bá wà láàárín, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a yọ ọ́, kí a dá ara ọkọ̀ padà sórí tìmùtìmù rọ́bà rẹ̀. Títí tí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn má ṣe jókòó sórí ẹrù rẹ̀.

Sí ẹ̀yin mẹkáníìkì àti jórinjórin: ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Oníbàárà lè sọ pé òun yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bí ẹ kò bá ṣe é. Ẹ jẹ́ kó lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàlàyé fún un. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

Ìjọba náà ní ojúṣe tirẹ̀, a kò sì ní fi pamọ́. Bí ọ̀nà oko bá dára, kò sí ẹni tí yóò ki igi bọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kópa nínú ètò RAAMP, tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe ìrànwọ́ fún, láti tún ọ̀nà ìgbèríko àti ọjà oko ṣe. Iṣẹ́ náà kò tíì kan gbogbo abúlé, a sì mọ̀ pé ẹni tí ọ̀nà tirẹ̀ kò tíì kàn kò lè fi ìrètí nìkan kó ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, kí àwọn baálẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ máa kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n dárúkọ ibi tó burú jù, bí afárá tó já tàbí ìdàgẹ̀rẹ̀ tí omi ti wọ́ lọ. Ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú kò tíì kú láàárín wa: ọjọ́ kan tí a fi la ojú àgbàrá, tí a sì fi òkúta dí kòtò, lè gba ọkọ̀ púpọ̀ là kí òjò ọdún tó parí.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe àjọ FRSC lórí 122, tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 615. Ẹ má ṣe fa ẹni tó farapa jáde tipátipá bí kò bá sí iná tàbí epo tó ń jò.

Ọkọ̀ tó bá há sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà oko, ọ̀la ni a ó fà á jáde. Ẹni tó bá kú lábẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀la mọ́. Kí ẹrù dé ọjà dára, ṣùgbọ́n kí àwọn tó gbé e lọ padà sílé ló ṣe pàtàkì jù.